Ojú Pupa Ìyá Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi fi iyọ̀ sí i. Èmi Sùlíyá ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì wa ní Ọ̀gbà. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣe mí lóore. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán mi wò, ọjọ́ náà gan-an ni mo sì dìde níwájú gbogbo ayé tí mo ní mi ò ní wa ọkọ̀.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó ní kí kálukú fún ìgbànú. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà á rántí. Ìjọba ológun ní kí wọ́n má kó àlìkámà wọ̀lú mọ́, kí kálukú máa jẹ ohun tí ilẹ̀ wa bá hù. Kò burú, ṣùgbọ́n àlìkámà la fi ń ṣe bísíkíìtì. Àwọn ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ọn, bísíkíìtì wá ń le koko bí àpáàdì, àwọn ọmọdé ń fi eyín dán agbára wò. Ọjà kò tà mọ́. Gbọ̀ngàn tí a ti ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá, níbi tí a ti máa ń kọrin tí a sì ń bú ara wa ṣeré látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, wá dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá Quadri, ọkọ mi, ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ aṣọ tiwọn ní Ìkẹjà ṣáájú ìgbà náà. Wọ́n ní kí ó lọ sinmi, àfi bí ẹni pé ó ti bá wọn sọ pé ó rẹ òun. Kò pẹ́ sí i, wọ́n pe àwa náà jọ pé lópin oṣù, ìdajì wa yóò máa lọ sílé, wọ́n sì pe orúkọ mi. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Mo padà sílé lọ́jọ́ náà, mi ò lè wo ojú àwọn ọmọ mi.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ ní gbogbo iléeṣẹ́ wa. Dírẹ́bà tó ń fi bọ́ọ̀sì kó wa láti Agége àti Ìfàkò wá síbi iṣẹ́ ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ dáko. Gbogbo ọkùnrin tó wà ní gáréèjì iléeṣẹ́ ló mọ̀ pé Gbénró ló máa gba ipò náà, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n Bọ̀ọ̀dá Àkànjí ni, Bọ̀ọ̀dá Àkànjí sì ni olórí àwọn dírẹ́bà, òun náà ló ń tọ́jú gbogbo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wẹ̀, mo wé gèlè, mo gba ọ́fíìsì Ọ̀gá Dàwódù lọ. Òun ló ń darí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní iléeṣẹ́ wa. Ó ti wa ọkọ̀ fún àwọn ológun rí kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Mo gbé láísẹ́ǹsì mi síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ìyá Quadri, ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Bọ̀ọ̀dá Shuaib. Wọ́n ń wa takisí. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, èmi ni mò ń bá wọn gbé e jáde."

"Bọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí takisí o."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ̀rọ tí mò ń dúró tì nínú gbọ̀ngàn náà tóbi ju takisí lọ. Kò jẹ mí rí."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ìrun bá ti tán tí àwọn tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ bá fẹ́ máa lọ sílé, kí n gbé wọn. Òun máa jókòó tì mí. Kí n gba Agége kọjá, kí n ré ojú irin kọjá sí ọ̀nà Ìjú, kí n máa sọ wọ́n kalẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Bí mo bá gbé wọn délé láìsí ariwo, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ di tèmi. Bí mi ò bá lè gbé e, Gbénró ló kàn.

Bọ̀ọ̀dá Àkànjí gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà tí mo kọjá níwájú gáréèjì, ó yí fìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jẹ orógbó. "Ìyá Quadri, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wa ọkọ̀. Ẹ má gbàgbé o, sítíárìn kì í ṣe ọmọ orógùn, wọn kì í fi ro ọkà."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tó bá mọ ọkà á rò, tí ọkà rẹ̀ kì í ní kókó, ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀."

Bọ́ọ̀sì tí à ń wí yìí, Ìyá Àgbà la máa ń pè é. Aláwọ̀ búlúù ni, ó ti ṣá, okùn ni wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn rẹ̀ tó wà lẹ́yìn, bí wọ́n bá sì tan án láàárọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó dá ni lóhùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń gbé mi, mi ò rò ó rí pé èmi náà á wá gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá Shuaib kọ́ mi, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n tó gbà kí n fẹsẹ̀ kan kílọ́ọ̀ṣì rárá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ọkọ̀. Wọ́n ní, "Yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, má tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde. Wo àwọn iná pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ. Ti bíréèkì nìyí. Bí o bá fa háńbíréèkì sókè, ó gbọ́dọ̀ tàn. Bí o bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kú. Bó bá tàn tí kò kú, ọ́ìlì bíréèkì ti dínkù nínú ike rẹ̀, ọkọ̀ ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá a wò. Bí kò bá wá tàn rárá ńkọ́, Sùlíyá?" Mo ní nígbà náà, kò sí nǹkan tó ṣe é nìyẹn. Wọ́n gbá mi lórí fẹ́rẹ́. "Èyí tí kò tàn rárá ni kí o bẹ̀rù jù. Ẹnìkan ti dì í lẹ́nu."

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Àwọn ará gbọ̀ngàn wa kún inú Ìyá Àgbà fọ́fọ́. Moyọ̀sọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń dúró ti ẹ̀rọ kan náà, fìdí ara rẹ̀ lé ìjókòó tó wà lẹ́yìn mi gan-an, ó ní òun fẹ́ rí i bí ọ̀rẹ́ òun ṣe máa di ọ̀gá. Ọ̀gá Dàwódù jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi. Bọ̀ọ̀dá Àkànjí àti Gbénró dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán bí àwọn tó wá wo eré.

Mo ṣe bísímílà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Iná ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàn. Iná bátìrì tàn. Ti bíréèkì ṣókùnkùn. Mo wo háńbíréèkì, ó wà lókè. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún fà á sókè, mo fà á dáadáa. Kò tàn.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń ba obìnrin, iṣẹ́ lọ nìyẹn, kò sì sí òmíràn. Lópin oṣù, èmi àti Bàbá Quadri á jọ jókòó sílé, a ó máa wo ara wa. Bí mo bá dákẹ́ tí mo gbé e, gbogbo àwọn èèyàn yìí ló wà lẹ́yìn mi, ojú irin Agége sì wà níwájú, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ń dagẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú tó bí mi ju ẹ̀rù lọ, nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló wà nídìí òkùnkùn yẹn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò ní wà á."

Bọ̀ọ̀dá Àkànjí pàtẹ́wọ́. "Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

Ọ̀gá Dàwódù kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé?"

"Iná bíréèkì ò tàn, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà!" Bọ̀ọ̀dá Àkànjí ló tún gbà á lẹ́nu mi. "Bí kò bá tàn, kò sí wàhálà nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kó tàn ni? Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin ń sọ o, ó ń wá wàhálà kiri!"

Inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àwọn ará gbọ̀ngàn tèmi gan-an wà lára wọn. Gbénró ti ń ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbé e, kí á máa lọ jàre. Ebi ń pa àwọn èèyàn."

Ọ̀gá Dàwódù wò mí títí. "Sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Quadri. Gbénró, gòkè."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo rí Gbénró tó jókòó síbi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, mo sì rí oṣù tó ń bọ̀ nílé wa, bí á ṣe rí. Ni mo bá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó gbé e. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi iná pupa kan ṣoṣo yẹn hàn wá. Kó fa háńbíréèkì, kó tan kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá tàn, mo gbà pé ojo ni mí, mo ti lọ sílé."

Gbénró rẹ́rìn-ín, ó fà á. Kò tàn. Ó tún fà á, irin háńbíréèkì ń ké kẹ̀ẹ̀rẹ̀. Kò tàn. Ó gbá dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó tún fà á.

Moyọ̀sọ́lá ní, "Gbénró, fà á tu pátápátá, kí o gbé e lọ sílé fún ìyá rẹ."

Ẹ̀rín tún bú, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n ń fi rín mọ́. Moyọ̀sọ́lá dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́pá. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ò ní wọ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ lójú." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró tì mí. Obìnrin mìíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ń sọ̀, wọ́n ń tún ìró ró, títí ó fi ku Gbénró nìkan nínú ọkọ̀, ó di sítíárìn mú, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ọ̀gá Dàwódù náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó yíjú. "Àkànjí, iná yẹn dà?"

Bọ̀ọ̀dá Àkànjí ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú páálí ìṣáná kan jáde. Ó ṣí i. Ìṣáná kọ́ ló wà níbẹ̀. Gúlóòbù iná dáṣíbọ́ọ̀dù kéékèèké ni, wọ́n tò sínú rẹ̀ bí ẹyin aláǹgbá.

Ọ̀gá Dàwódù ní, "Àkànjí, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo la ní. Ti ta ni ìwọ̀nyí?"

"Eléyìí ti lọ́rì ìyẹ̀fun ni. Eléyìí ti ọkọ̀ tó ń pín ọjà." Ó wolẹ̀. "Ti mọ́tò tiyín náà wà níbẹ̀, sà."

Gbogbo wa la mọ̀ pé mọ́tò yẹn ni Ọ̀gá Dàwódù fi ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ láràárọ̀.

Ibí yìí ni Bọ̀ọ̀dá Àkànjí ti gbójú sókè. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, Ọ̀gá. Látìgbà tí Sáàpù ti dé, àìmọye ìgbà ni mo wá sí ọ́fíìsì yín. Ẹ jẹ́ ká ra ọ́ìlì bíréèkì, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rọ́bà inú bíréèkì. Ẹ ní kí n ṣe é bó ṣe máa rí. Iná yẹn ń pọ́n lójú mi lójoojúmọ́, àwọn èrò ń bi mí pé kí ló ń tàn. Kí ni kí n sọ fún wọn? Mo bá yọ ọ́. Kò sí dírẹ́bà tí mo mọ̀ ní gbogbo Agége tí kì í yọ ọ́."

Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe irọ́. Ọ̀gá Dàwódù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó nu iwájú orí. "O wá bá mi lóòótọ́," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo rí àyè mi, mo sì wọ ibẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò sọ pé mi ò ní wà á láéláé. Báyìí ni mo ní mi ò ní wà á. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, màá wà á lónìí yìí náà."

Ó wo ojú ọ̀run, ó wo àwọn èèyàn tó dúró yí wa ká. "Kí fèrè ìrọ̀lẹ́ iléeṣẹ́ tó dún, Ìyá Quadri. Bó bá dún tí ẹ ò tíì ṣe tán, mi ò ní nǹkan tí mo lè ṣe sí i mọ́. Àkànjí, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n kọ́kọ́ dá gúlóòbù padà sí àyè rẹ̀. Mo fa háńbíréèkì, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ojú pupa Ìyá Àgbà là rekete. Àwọn obìnrin hó. Mo sọ háńbíréèkì kalẹ̀, ariwo wọn sì rọlẹ̀, nítorí iná kò kú. Ó ń wò wá ni.

A ṣí ibi tí ike ọ́ìlì bíréèkì wà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò dé ìdajì, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń hó lójú. Moyọ̀sọ́lá na imú sí i. "Olúwa o! Ọṣẹ ìfọṣọ lèyí!"

"Omi ọṣẹ ni," ni Bọ̀ọ̀dá Àkànjí wí láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀. "Kí ni ká ti ṣe? Bíréèkì ń mú náà."

Òótọ́ ni, ó ń mú. Ìyẹn ló tan gbogbo wọn jẹ. Omi ọṣẹ á mú bíréèkì bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ lójú ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó kún fún èrò, jẹ́ kó máa sọ̀ níbi tó dagẹ̀rẹ̀, kí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná. Omi á hó lọ́hùn-ún, á di ooru, o máa tẹ pẹ́dà, á wọlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀kọ mímu, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Kí ó tó dọjọ́ náà, ó ti ń dá ìpẹtà sí inú irin díẹ̀díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Àkànjí gbé ọkọ̀ sókè, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn táyà òsì tó wà lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ rin gbindin. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń rọ sínú ike ti ń ṣàn jáde, rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ.

Wọ́n rán Gbénró sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì. Ó gbé rọ́bà tuntun dé, ó dára. Ó gbé ọ́ìlì bíréèkì dé, nínú ọ̀rá ni, wọ́n ta á ní kókó bí epo pupa alábùtà.

"Gbénró, kí nìyí?"

"Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn. Agolo wà ní ṣíṣí lórí káńtà, wọ́n ń bù ú fún èèyàn."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Nígbà náà, kò sí ohun tí wọn kì í bù tà. Wọ́n ń fi ṣíbí ta mílíìkì, wọ́n ń gé ọṣẹ bí ẹni gé iṣu. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì bíréèkì tí a bá ṣí sílẹ̀ á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, bí iyọ̀ tí a kò dé lásìkò òjò. Ẹni tó bá rọ ìyẹn sínú ọkọ̀ ti tún omi rọ padà. Mo ní kó dá a padà, kó gba agolo tí wọ́n dì pa, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn. Ó wo àbúrò bàbá rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Àkànjí kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni? Sáré."

Kí n má purọ́, ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Àkànjí dá ṣáká. Bó bá ti di ká tú nǹkan, ká nù ún, ká tò ó padà, kò sẹ́ni tó tó o ní gáréèjì yẹn. Ó pààrọ̀ rọ́bà, ó fọ inú irin, ó dè é padà. Ó wá ku kí a fi ojúlówó ọ́ìlì lé omi ọṣẹ jáde, kí a sì tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tẹ pẹ́dà lókè, kí òun máa tú nọ́ọ̀tì kékeré nísàlẹ̀, kí èmi sì dúró ti ike, kí n máa kún un kó má bàa gbẹ. Gbénró fẹ́ gòkè. Moyọ̀sọ́lá fi ìdí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ ìdìbísíkíìtì láti ọjọ́ yìí wá, ṣé pẹ́dà ọkọ̀ ló máa wá ṣòro fún?"

Bọ̀ọ̀dá Àkànjí ké láti ìsàlẹ̀, "Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo tẹ̀ ẹ́!"

"Dì í mú!"

"Mo dì í mú!"

Ó tú nọ́ọ̀tì, ìdọ̀tí tú jáde pẹ̀lú ìfófòó, ó dì í. "Tẹ̀ ẹ́!" Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo àwọn obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gbè é. "A tẹ̀ ẹ́! A dì í mú!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe nínú gbọ̀ngàn kí ọwọ́ wa lè bá ara wọn dọ́gba. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn wa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ń yọjú lójú fèrèsé. Ohun tó ń jáde mọ́ díẹ̀díẹ̀, funfun rẹ̀ lọ, ó wá dà bí oyin tí a fi omi là, kò sí ìfófòó kankan. A lọ sí ẹsẹ̀ kejì, a lọ sí ẹ̀kẹta, a dé ẹ̀kẹrin.

Ìgbà tí a parí, mo gòkè, mo tẹ pẹ́dà. Ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò wọlẹ̀. Mo fa háńbíréèkì, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Moyọ̀sọ́lá nawọ́ sí i láti ẹ̀yìn mi. "Ó tàn!"

Mo sọ háńbíréèkì kalẹ̀. Iná pupa náà lọ.

"Ó kú!" Gbogbo wọn ló ké e lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rọ́ wọ inú ọkọ̀. Ọ̀gá Dàwódù padà sí àyè rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Àkànjí dúró nílẹ̀, ó ń nu ọwọ́, ó wò bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ òun. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ tún un ṣe, ṣé ẹ ò ní wọ̀ ọ́?" Ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. A ti jáde ní géètì kí fèrè ìrọ̀lẹ́ tó dún lẹ́yìn wa.

Ẹ ò rí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ náà. Ó ń lọ bí ọlọ́jà tó ti tà tán. Mo gba Ọ̀gbà, mo wọ Agége, àwọn èèyàn ń wo obìnrin tó wé gèlè lẹ́yìn sítíárìn bọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn ń pàtẹ́wọ́, ẹnìkan bú mi, mo sì kí i. Lẹ́yìn náà ni a dé ibi tó dagẹ̀rẹ̀ lọ sójú irin. Ọkọ̀ kún, ó wúwo, ó ń fà wá lọ ìsàlẹ̀. Kò sí igi tí wọ́n fi ń dínà níbẹ̀, ọkùnrin kan ló máa ń di aṣọ pupa mú. Mi ò rí ọkùnrin náà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni mo rí i, ó ń sáré bọ̀ láti ìdí igi, ó ń ju aṣọ pupa rẹ̀ fìrìfìrì, fèrè rélùwéè sì dún létí wa gan-an.

Mo tẹ bíréèkì.

Ìyá Àgbà tẹ orí ba. Gbogbo wa fì síwájú, báàgì ń já bọ́ láti òkè. Ó dúró. Kò yọ̀, kò yí ẹ̀gbẹ́, ó dúró gbọn-in, ó ku díẹ̀ ká dé irin àkọ́kọ́. Rélùwéè kọjá níwájú wa, ó gùn, ó ń mi ilẹ̀ tìtì, àwọn èèyàn jókòó sórí òrùlé rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ gèlè mi. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná pupa kò tàn, mo sì mọ ìdí tí kò fi tàn.

Moyọ̀sọ́lá di ẹ̀yìn ìjókòó mi mú. "Ọṣẹ ìfọṣọ," ló wí. "Ọṣẹ ìfọṣọ ni ì bá gbé wa débí."

Bọ̀ọ̀dá Àkànjí dìde lórí àpótí rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó mú páálí ìṣáná yẹn jáde, ó gbé e lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú mi, ó sì wí kí gbogbo ọkọ̀ gbọ́ pé, "Ìyá Quadri, ẹ ti gbà wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ni àwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọ́n ń lu ara ọkọ̀, ọkùnrin aláṣọ pupa ń wò wá bí àwọn tí orí wọn dàrú. Èmi ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọ̀gá Dàwódù nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù. "Kọ́kọ́rọ́ yẹn," ló wí, "tí ẹ bá délé, ẹ má wulẹ̀ dá a padà."

Ní ọjọ́ Ajé, gbogbo gúlóòbù inú páálí ti padà sí ọkọ̀ tó ni ín. Páálí náà wà nílé ìdáná mi, ìṣáná ni mo kó sínú rẹ̀. Ti mọ́tò Ọ̀gá Dàwódù, wọ́n ní bí wọ́n ṣe dá a padà ló tàn, wọ́n ṣe é títí kò kú. Bọ̀ọ̀dá Àkànjí gbé mọ́tò náà sórí jáàkì, ó ní kò ní jáde títí òun á fi rí ìdí rẹ̀, ọ́fíìsì sì fọwọ́ sí gbogbo ohun tó béèrè láìjanpata. Nítorí náà, nígbà tí mo dé Ìfàkò láàárọ̀ ọjọ́ náà láti gbé àwọn èèyàn mi, ọkùnrin gíga kan tó ti wa ọkọ̀ fún àwọn ológun rí wà lórí ìlà láàárín àwọn obìnrin, ó di báàgì rẹ̀ mú, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn Moyọ̀sọ́lá.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, kí n lè kí Ìyá Àgbà lójú gbogbo wọn. Mo fa háńbíréèkì sókè, mo yí kọ́kọ́rọ́.

"Ó tàn!"

Mo sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ó kú!" Ohùn Ọ̀gá Dàwódù ló lọ sókè jù nínú gbogbo wọn. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo ki jíà sí i, a gba ibi iṣẹ́ lọ.